Ẹni Tí Wọ́n Lé Kúrò ní Ṣọ́ọ̀ṣì Bàbá Rẹ̀: Ìtàn Ìgbésí Ayé Àpóstélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé yìí jókòó láti yan ìtàn ẹni tí a ó kọ, kò pẹ́ kí gbogbo wa tó fi ohùn ṣọ̀kan sórí Bàbá Babalọlá. Ìkéjì-Arákeji tí Ọlọ́run ti pè é kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn ìyá wa tó ń hun ẹní máa ń gbé e lọ sí ọ̀nà ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Iṣẹ́ ìyanu Bàbá ni ọ̀pọ̀ ìwé ayẹyẹ máa ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a kì í dúró lé lórí tó: wọ́n lé e jáde kúrò nínú ìjọ tí wọ́n bí i sí. Apá yìí ni a fẹ́ kọ́kọ́ tú wò lọ́dún yìí, nítorí pé àwọn kan wà láàrin wa tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin ọdún 1904 ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Odò-Ọwá, lẹ́bàá Ìlọfà, ní ilẹ̀ tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara báyìí. Orúkọ bàbá rẹ̀ ni David Rótìmí, ìyá rẹ̀ sì ni Màmá Márítà Tàlàbí. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí dáadáa: Bàbá Rótìmí ni Bàbá Ẹgbẹ́ nínú ìjọ C.M.S. ní Odò-Ọwá. Èyí já sí pé inú ilé ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tọ́ ọmọ náà. Ìjókòó bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọ. Ìjọ tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ọn lójú lẹ́yìn ọ̀la kì í ṣe ìjọ àlejò.

Ní ọdún 1914, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ M. O. Rótìmí mú un lọ sí ọ̀nà Èkó, ó sì fi í sí ilé-ìwé. Kò ju ìwé kẹrin lọ tí ó fi ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ó sì bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba ní P.W.D., níbi tí ó ti di awakọ̀ ẹ̀rọ rólà, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Iṣẹ́ gidi ni nígbà náà o! Ẹni tó bá ń gba owó oṣù lọ́wọ́ òyìnbó láyé ìgbà yẹn, ará ilé rẹ̀ kì í sùn lébi.

Láti òru ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1928 ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan ni ara rẹ̀ kò fi balẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, tí ó ń tún rólà rẹ̀ ṣe lójú títì Iléṣà sí Àkúrẹ́ ní agbègbè Ìkéjì, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Níbẹ̀ ni ó ti gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Àdúrà, ààwẹ̀, agogo àti omi tí a gbàdúrà sí ni ohun ìjà tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Odò-Ọwá, ìlú rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ rán an sí. Ó wọ ìlú ní ọjọ́ ọjà pẹ̀lú eérú lára àti màrìwò ọ̀pẹ, bí wọ́n ti fi hàn án pé kí ó ṣe, ó ń kéde pé kí wọ́n ronú pìwà dà, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìpọ́njú ń bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ Bàbá Ẹgbẹ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí òṣìṣẹ́ ìjọba, ló wọ ọjà báyìí. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Wọ́n fà á lé àwọn aláṣẹ lọ́wọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì dá a sílẹ̀ nígbà tí wọn kò rí wèrè kankan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú. Àwọn tó ti fi í ṣe ẹlẹ́yà ló wá ń wá a fún àdúrà.

Kò dá ìjọ kankan sílẹ̀ o. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí nìyí. Nínú ìjọ Áńgílíkà náà ni ó ti ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà, wọ́n ń wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bí omi, àwọn tí kò fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì rí ń jókòó sórí ìjókòó iwájú. Bí ọmọ ìjọ bá pọ̀ sí i, ṣé kì í ṣe ayọ̀ ni? Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pọ̀ sí i ni Ẹ̀mí ń bà lé wọn. Àwọn obìnrin ń rí ìran, àwọn ọ̀dọ́mọdé ń fi èdè titun sọ̀rọ̀, gbogbo ìjọ a sì gbé ohùn àdúrà sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Fún àwọn tó ti fi ìwé àdúrà àti orin jẹ́jẹ́ sin Ọlọ́run láti ìgbà tí ìhìnrere ti dé, rúdurùdu lásán ni wọ́n rí níbẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Bíṣọ́ọ̀bù Smith, nítorí pé abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Àríwá ni agbègbè Ìlọrin wà. Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Àṣẹ tí ó pa kò gùn: gbogbo àwọn tó ń rí ìran, tó ń fi èdè titun sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, kí wọ́n jáde kúrò nínú ìjọ.

Wọ́n jáde. Àwọn tó jáde sì pọ̀ débi pé ìjókòó púpọ̀ ló ṣófo nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn ará wa ti ìjọ Áńgílíkà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ̀pọ̀ bàbá wa ní A, B, D, àwọn kan nínú àlejò wa lónìí sì ti ibẹ̀ wá. Bíṣọ́ọ̀bù náà ní ìjọ tó ń ṣọ́, ẹ̀rù sì lè bà á pé yóò dàrú mọ́ òun lọ́wọ́. Lóde òní, ìṣọ́ òru àti àdúrà kíkan-kíkan wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹnikẹ́ni kò sì lé ẹnikẹ́ni jáde nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ tún ni pé ìlú kékeré ni Odò-Ọwá. Ní ìlú kékeré, ṣọ́ọ̀ṣì ni ibi tí wọ́n ti ń so yìgì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ, ilé-ìwé ọmọ ń bẹ lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń sin òkú. Ẹni tí wọ́n bá lé jáde, ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọdékùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló sì fa èyí bá ilé bàbá rẹ̀.

Kí ló wá ṣe? Kò padà sídìí rólà. Ó ń bá àdúrà lọ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ lé jáde. Ẹ rántí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú nínú Ìhìnrere Jòhánù, tí wọ́n tì jáde kúrò nínú sínágọ́gù lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ là. Jésù gbọ́ pé wọ́n ti lé e, Ó sì wá a rí. Ẹni tó wá Babalọlá rí ni Alàgbà Daniel Ajíbọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Faith Tabernacle. Ní ìparí ọdún 1929 ni Ajíbọ́lá mú un lọ sí Èkó, tí ó sì fi í han Pásítọ̀ D. O. Ọdúbánjọ. Ọdúbánjọ ránṣẹ́ pe Bàbá Esinsinade, olórí wọn.

Níhìn-ín a ní láti yà díẹ̀, kí ẹni tí kò mọ ìtàn Bàbá Esinsinade lè mọ irú ilé tí Babalọlá dé. Òun náà ni J. B. Shadare ti Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1918 ń pa ènìyàn bí eṣinṣin, òun àti àwọn díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. Saviour's ní Ìtàlówájọdá kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámì, rí ìran pé àdúrà àti omi ni kí wọ́n fi wo àwọn aláìsàn. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n pe ara wọn. Ìwé ìròyìn tí ìjọ Faith Tabernacle ń tẹ̀ ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n sì rí i pé ìgbàgbọ́ wọn bára mu: ìwòsàn láìlo oògùn, ìrìbọmi fún ẹni tó bá ti gbàgbọ́, kì í ṣe fún ọmọ ọwọ́.

Orí ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ yìí ni àjà ti jìn mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Bàbá Shadare ní ìjókòó nínú Sínọ́ọ̀dù ìjọ Áńgílíkà, kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Wọ́n pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Òun náà dúró, ó sọ tẹnu rẹ̀ láìbú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ó di ọdún 1922, ọ̀ràn náà já. Ó fi ìjókòó Sínọ́ọ̀dù sílẹ̀, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ náà pàdánù iṣẹ́ olùkọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn sì kúrò ní ilé-ìwé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo iye tí ìgbàgbọ́ ná wọn! (Ohun kan wà tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín díẹ̀: Pásítọ̀ Clark tí wọ́n ń ka ìwé rẹ̀ láti Philadelphia, ìjọ tirẹ̀ náà lé e jáde ní nǹkan bí ọdún 1925.)

Ìdí nìyí tí Bàbá Esinsinade kò fi lé Babalọlá padà nígbà tó débẹ̀ tòun ti agogo rẹ̀. Ó rọrùn fún un láti ṣe bẹ́ẹ̀ o. Nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà láti Philadelphia, kò sí àyè fún fífi èdè titun sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ilé sì nìyẹn. Àwọn àgbà náà jókòó, wọ́n gbọ́ ìtàn ìpè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n sì gbà á. Ohun kan ṣoṣo ni Bàbá Esinsinade béèrè: kí ó ṣe ìrìbọmi. Bàbá fúnra rẹ̀ ló rì í bọmi nínú ọ̀sà tó wà lẹ́yìn ilé ìjọ ní Moloney Bridge Street ní Èkó. Ẹni tí wọ́n ti lé rí ló fa ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé sókè láti inú omi.

Ohun tó tẹ̀ lé èyí, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn olórí Faith Tabernacle pàdé ní Òkè Ooye, Iléṣà, láti yanjú àríyànjiyàn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ pín ìjọ sí méjì, ọ̀ràn àwọn olóbìnrin púpọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ kò ha rí i? Àwọn tí wọ́n ti lé jáde ló tún jókòó láti gbèrò ẹni tí kò yẹ láàrin tiwọn. Wọn kò tí ì parí ọ̀rọ̀ náà tí Babalọlá fi gbàdúrà fún ọmọ kan tó ti kú, tí ọmọ náà sì jí. Ìpàdé tú. Iléṣà kún, wọ́n ń wá láti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Èkìtì, láti ọ̀nà jíjìn, àwọn òrìṣà ń jóná, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ ń ṣófo. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi tí wọ́n ti fún un ní ilẹ̀ nínú igbó tí àwọn ará ìlú ń bẹ̀rù, tí Aláayè, Ọba Aládéjàre Agúnsóyè, sì ṣe ìrìbọmi, tó gba orúkọ Solomon. Alárá ti Ará náà gbàgbọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hezekiah. Iná ìsọjí ọdún náà ló tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Èkìtì wa.

Ìjọba kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ìjọ àtijọ́ ń fi ẹjọ́ wọn sun, àwọn ajẹ́lẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Ní ọdún 1932, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kàn ní Otuo, wọ́n fi Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ó ṣe ẹ̀wọ̀n náà tán, ó jáde, ó tún gbé agogo rẹ̀.

Nítorí inúnibíni yìí ni àwọn olórí ti fi ránṣẹ́ sí ìjọ Àpóstélì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn òyìnbó mẹ́ta sì dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1931. Wọ́n fi àwọn olórí jẹ pásítọ̀, Babalọlá sì wà lára wọn. Àwọn òyìnbó dúró gẹ́gẹ́ bí odi fún wọn lójú ìjọba. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó hàn pé àwọn òyìnbó ń lo kuníìnì, oògùn ibà, nígbà tí àwọn ọmọ ìjọ ń gba àdúrà àti omi nìkan. Ìjà ńlá bẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1939, wọ́n pínyà, wọ́n sì fi orúkọ Christ Apostolic Church sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943. Isaac Akínyẹlé di olórí, Ọdúbánjọ di alábòójútó, Babalọlá sì jẹ́ ajíhìnrere àgbà. Akínyẹlé yìí náà ti inú ìjọ Áńgílíkà jáde ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, A. B. Akínyẹlé, dúró síbẹ̀, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn. Ní ọdún 1955 wọ́n fi Isaac jẹ Olúbàdàn. Ọmọ bàbá kan náà: ọ̀kan di Bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ tí èkejì fi sílẹ̀.

Ní ibi ọ̀rọ̀ kuníìnì yìí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ inú wa. Láàrin àwa Aládùúrà, a ti torí oògùn lé ènìyàn rí. A rántí ìyá kan nínú ìjọ kan tí a kò ní dárúkọ, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ara ọmọ náà gbóná kọjá àlà. Wọ́n ka orúkọ rẹ̀ lórí àga ìwàásù. Ọmọ náà yè. Ìyá náà kò padà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yìn fèrèsé ló máa ń dúró sí nígbà ìsìn, tí yóò máa kọ orin pẹ̀lú wa láti ìta, pẹ̀lú ẹní tó fi ń jókòó. Àwa tí a wà nínú ilé ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dìde. Nígbà tí àlùfáà mìíràn dé, tí ó béèrè ta ni ó ń kọrin níta, ojú ti wa. Òun ló jáde lọ mú un wọlé.

A sọ èyí nítorí pé àwọn kan ti mú ẹjọ́ wá sí iwájú ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ṣáájú ayẹyẹ yìí, lórí orúkọ àwọn tí a ti yọ kúrò nínú ìwé ìjọ. Àwọn kan ní kí a dá gbogbo wọn padà, àwọn kan ní rárá, pé òfin ni òfin. A ò ní dá ẹjọ́ náà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi orúkọ Bàbá Babalọlá lé ògiri wa, kí a má gbàgbé pé orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú ti kúrò nínú ìwé ìjọ kan rí, àti pé àwọn àgbà Èkó jókòó gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó sọ tiwọn.

Fún ọgbọ̀n ọdún tí ó kù nínú ayé rẹ̀, Babalọlá kò sinmi. Ó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ó ń gun òkè lọ gbàdúrà, ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀. Kò kọ́ ilé ńlá, kò kó ọrọ̀ jọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 1959 ni ó sùn nínú Olúwa ní Ẹdẹ. Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin, ní ìlú tó fún un ní ilẹ̀ nínú igbó ẹ̀rù ní nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Ìkéjì-Arákeji, níbi tí rólà rẹ̀ ti kọ̀, ti di ibi àdúrà, ibẹ̀ sì ni Yunifásítì Joseph Ayo Babalola ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006. Àwọn àlejò wa tó bá fẹ́ rí ibẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ọkọ̀ yóò gbéra láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì ní kùtùkùtù ọjọ́ Ajé. Ẹ mú ìgò omi yín dání.